Lámilámi Etí Odò Wa: Agboolé Trithemis àti Ibi tí Ojúlé Rẹ̀ Kọ̀ọ̀kan Ń Gbé

Ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí kòkòrò kan tí kò ṣe àjèjì sí ọmọdé tàbí àgbà. Kò sí ẹni tí ó ti lọ pọn omi rí ní odò Ọbà l'Ógbòmọ̀ṣọ́, tàbí tí ó ti gba etí odò Ògùn kọjá, tàbí tí ó ti dúró lẹ́bàá adágún tí a sé ní Erelú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀yọ́, tí kò tí ì rí lámilámi. Àwọn ọmọdé a máa lé e kiri. Àwọn àgbà a máa wò ó kọjá bí ohun tí kò kan oúnjẹ, tí kò sì kan owó. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú ẹ̀kọ́ wò ó, a ó rí i pé kòkòrò kékeré yìí lè sọ fún wa bóyá odò wa ṣì wà ní àlàáfíà, tàbí àìsàn ti ń ṣe é. Nítorí èyí ni a ṣe yàn án. Kí ẹni tí ń ka ìwé fún àwọn ẹlòmíràn nínú iyàrá ìkàwé jọ̀wọ́ rọra kà á, nítorí pé orúkọ àjèjì díẹ̀ wà nínú rẹ̀.

IRÚ KÒKÒRÒ WO NI LÁMILÁMI?

Lámilámi ní ìyẹ́ mẹ́rin, ó sì lè lo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nítorí náà ni ó ṣe lè dúró gangan lójú òfuurufú, tí ó lè ṣẹ́rí padà lójijì, tí ó tilẹ̀ lè fi ẹ̀yìn rìn. Ojú rẹ̀ méjèèjì tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fẹ́rẹ̀ bo gbogbo orí rẹ̀. Ojú kan ṣoṣo sì jẹ́ àkójọpọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú wẹ́wẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní irun líle bí ẹ̀gún, ó sì máa ń kó wọn jọ bí agbọ̀n láti fi gbá ẹran rẹ̀ mú nínú afẹ́fẹ́. Ẹran náà ni ẹ̀fọn, eṣinṣin, àti àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ mìíràn tí ń fò. Àwọn kan ń bẹ̀rù ìrù gígùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí oró níbẹ̀. Lámilámi kì í ta ènìyàn.

Ìran rẹ̀ ti pẹ́ ní ayé. Ní 1880, nínú ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wa èédú ní Commentry ní ilẹ̀ Faransé, a rí àmì ara ìbátan rẹ̀ àtijọ́ kan tí ó ti di òkúta. Bí a bá wọn ìyẹ́ kòkòrò náà láti ṣóńṣó kan dé èkejì, ó tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì, ó sì ti gbé ayé ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Lónìí, lámilámi àti àwọn ìbátan rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí ń pa ìyẹ́ wọn pọ̀ sẹ́yìn bí wọ́n bá bà, ju ẹ̀yà 6,000 lọ ní gbogbo ayé. Èyí tí ó wà ní Áfíríkà nínú wọn sì ju 700 lọ.

ỌMỌ LÁMILÁMI NÍNÚ OMI

Ẹni tí ó bá fetí sí orúkọ rẹ̀ yóò gbọ́ "lá omi, lá omi" nínú rẹ̀. Òótọ́ ni pé a máa ń rí i tí ó ń sọ̀ kalẹ̀, tí ó ń fi ṣóńṣó ìrù kan ojú omi, tí ó tún ń gbéra sókè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe omi ni ó ń lá. Abo ni èyí tí ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹyin ni ó sì ń yé sínú omi.

Nígbà tí ẹyin náà bá pa, ọmọ tí ó jáde kò jọ ìyá rẹ̀ rárá. Kò ní ìyẹ́, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ẹrẹ̀, ìsàlẹ̀ omi ni ó sì ń gbé láàrin ewé àti òkúta. Ó ní ètè ìsàlẹ̀ kan tí ó ká sí abẹ́ orí rẹ̀. Bí ohun jíjẹ bá súnmọ́ tòsí, á na ètè náà jáde wàràwéré, á sì fi gbá a mú. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń jẹ ọmọ ẹ̀fọn, kòkòrò omi mìíràn, ọmọ ọ̀pọ̀lọ́, àti ọmọ ẹja kéékèèké. Ihò ìdí rẹ̀ ni ó fi ń fa omi wọlé láti mí. Bí ó bá sì fẹ́ sá, á tú omi náà jáde pẹ̀lú agbára, èyí á sì tì í síwájú bí ọfà.

Ó máa ń bọ́ àwọ̀ sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà bí ó ti ń dàgbà. Ní ilẹ̀ olóoru bí tiwa, ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù mélòó kan lè tó fún àwọn tí ń gbé inú omi òjò láti dàgbà. Nígbà tí àkókò bá tó, á gun koríko tàbí òkúta jáde kúrò nínú omi, ẹ̀yìn rẹ̀ á là, lámilámi tí a mọ̀ á sì yọ jáde. Òfìfo awọ tí ẹ ń rí lára koríko etí odò ní òwúrọ̀ ni ẹ̀wù tí ó bọ́ sílẹ̀. Kí a fi èyí sọ́kàn: lámilámi nílò omi tí ó dára fún ọmọ rẹ̀, ó sì nílò koríko tàbí òkúta tí ọmọ náà yóò gùn jáde. Bí ọ̀kan bá sọnù nínú méjèèjì, ìran rẹ̀ yóò parẹ́ ní ibẹ̀.

AGBOOLÉ TRITHEMIS

Àwọn onímọ̀ a máa to ohun ẹlẹ́mìí lẹ́sẹẹsẹ, bí a ti ń to ìlú sí agboolé, tí a sì ń to agboolé sí ojúlé. Orúkọ méjì ni wọ́n ń fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan: èkíní ni ti agboolé, èkejì ni ti ojúlé. Agboolé tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí ni Trithemis. Friedrich Brauer, onímọ̀ kòkòrò ará ìlú Vienna, ni ó sọ ọ́ ní orúkọ náà ní 1868. Ó ní nǹkan bí ogójì ojúlé. Áfíríkà ni èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn ń gbé, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó wà ní Madagásíkà àti ní Éṣíà. Nítorí náà, ọmọ bíbí ilẹ̀ wa ni agboolé yìí.

Ọ̀nà méjì ni a fi lè tètè dá wọn mọ̀. Èkíní: bí ọ̀kan nínú wọn bá bà sórí ẹ̀ka tàbí koríko, kì í na ìyẹ́ rẹ̀ gbọọrọ bí àwọn yòókù, á sọ wọ́n sí iwájú àti sí ìsàlẹ̀, bí ẹni tí ó sọ apá agbádá kalẹ̀. Èkejì: nígbà tí oòrùn bá mú gidigidi, á na ìrù rẹ̀ sókè gangan sí ìhà oòrùn, kí oòrùn má baà rí ju ṣóńṣó ìrù náà lọ láti pa. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ooru.

Akọ àti abo kì í múra bákan náà. Abo púpọ̀ nínú wọn a máa ní àwọ̀ bíi ti sányán. Akọ ni ó ń wọ aṣọ iyì, nítorí òun ni ó ń ṣọ́ ibì kan létí omi, tí ó ń lé àwọn akọ mìíràn dànù, tí ó sì ń retí abo. Bí a bá fi aṣọ òkè ṣe àpèjúwe, a lè pín àwọn akọ agboolé yìí sí ọ̀nà méjì: àwọn tí ń wọ àlàárì, àti àwọn tí ń wọ ẹtù.

ÀWỌN TÍ Ń WỌ ÀLÀÁRÌ

Àwọn wọ̀nyí ni ará pupa, ìta gbangba ni wọ́n sì fẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Trithemis arteriosa. Ara rẹ̀ pupa, iṣan inú ìyẹ́ rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀, dúdú sì wà ní apá ṣóńṣó ìrù rẹ̀. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo Áfíríkà ni ó ń gbé, títí dé ibi omi inú aṣálẹ̀ àti dé ilẹ̀ Árábù. Odò, adágún, àbàtà, omi òjò tí ó dá sílẹ̀ lójú ọ̀nà: kò sí èyí tí kò lè gbà.

Èkejì ni Trithemis annulata. Pupa rẹ̀ dà bí ẹni pé a fi ẹ̀fun elésè àlùkò wọ́n ọn. Orúkọ yìí ní ìtàn kan tí ó kan etí òkun wa. Ará Faransé kan, Palisot de Beauvois, gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Wárì ní 1786; ó ṣa ewéko àti kòkòrò jọ níbẹ̀ àti ní ilẹ̀ Bìní kí ó tó lọ sí Amẹ́ríkà. Ní 1807, nínú ìwé ńlá tí ó kọ nípa àwọn kòkòrò tí ó ṣà jọ ní Áfíríkà àti ní Amẹ́ríkà, ni ó ti fi orúkọ annulata hàn.

Ẹ̀kẹta ni Trithemis kirbyi, tí ìdí ìyẹ́ rẹ̀ ní àbàwọ́n ńlá tí ó pọ́n bí èèpo òroḿbó tí ó gbó. Orí àpáta, òkúta odò, àti sìmẹ́ńtì ni ó fẹ́ láti máa bà lé, nítorí náà kò ṣòro fún un láti gbé létí kòtò omi tí ènìyàn fi sìmẹ́ńtì kọ́. A rí i ní Áfíríkà, ní ilẹ̀ Árábù, àti ní Íńdíà. Ní 2007 a kọ́kọ́ rí i ní gúúsù ilẹ̀ Sípéènì, ó sì ti ń tàn kálẹ̀ ní ibẹ̀ láti ìgbà náà. Annulata ti ṣáájú rẹ̀ dé Yúróòpù. Bí ilẹ̀ àwọn Òyìnbó ti ń móoru sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ Áfíríkà wọ̀nyí ń rí àyè gbé níbẹ̀.

ÀWỌN TÍ Ń WỌ ẸTÙ

Àwọn wọ̀nyí dúdú, àwọn mìíràn sì ní àwọ̀ aró lára. Trithemis dichroa, Trithemis aconita, àti Trithemis grouti wà nínú wọn. Odò inú igbó ní Ìwọ̀-oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ni ilé wọn. Omi tí ń ṣàn ni wọ́n fẹ́, níbi tí igi ti ṣíji bò ó tí ìtànṣán oòrùn sì ń gba àárín ewé wọlé díẹ̀díẹ̀. Wọn kì í rin ìrìn àjò jìnnà. Àwọn ẹlẹ́tù mìíràn wà tí odò orí òkè ni tiwọn, bí Trithemis furva. Àwọn mìíràn sì wà tí àbàtà inú ọ̀dàn ni wọ́n yàn.

Ìhà Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé. Oko àti ọ̀dàn ni ó gba ilẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ igbó ń bá àwọn odò lọ ní etí wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí alálàárì, kí ó lọ sí etí adágún gbangba. Ẹni tí ó bá sì ń wá ẹlẹ́tù, abẹ́ igi etí odò ni kí ó wò.

ÌDÍ TÍ Ó FI RÍ BẸ́Ẹ̀

Ní 2010, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Sandra Damm, Klaas-Douwe Dijkstra, àti Heike Hadrys, gbé ìwádìí kan jáde lórí agboolé yìí. Wọ́n yẹ ohun àjogúnbá inú ara ojúlé bíi mẹ́rin nínú márùn-ún wò, kí wọ́n lè mọ ẹni tí ó bá ẹlòmíràn tan jù lọ. Ohun tí wọ́n rí ni pé agboolé Trithemis bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 6 sí 9 sẹ́yìn, ní ìgbà tí ilẹ̀ Áfíríkà ń gbẹ tí ọ̀dàn sì ń fẹ̀ sí i. Omi adágún ní ìta gbangba ni ó jọ pé baba ńlá wọn ń gbé.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà wọn ti yà. Àwọn alálàárì ń gbé inú omi tí kì í pẹ́ gbẹ. Nítorí náà ó di dandan fún wọn láti mọ̀ ọ́n fò jìnnà wá omi mìíràn. Alárìnkiri kì í sì yapa kúrò lára ẹbí rẹ̀, nítorí gbogbo ibi ni ó ń dé tí ó sì ń fẹ́ ìyàwó. Ìdí nìyí tí ẹ̀yà kan ṣoṣo fi lè gba gbogbo Áfíríkà láìyí padà. Àwọn ẹlẹ́tù ẹ̀wẹ̀ jókòó sí ojú kan. Nígbà tí igbó bá ń fẹ̀ tí ó tún ń sún kì, bí ojú ọjọ́ ayé àtijọ́ ti ń yí padà, àwọn tí ó wà ní odò kan a ya kúrò lára àwọn tí ó wà ní òmíràn, bí àkókò sì ti ń lọ, olúkúlùkù a di ojúlé tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ẹtù ṣe pọ̀ ní oríṣi.

OHUN TÍ LÁMILÁMI Ń SỌ FÚN WA

Nísinsìnyí ni a dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan ẹni tí ń pọn omi. Alálàárì lè fara da oòrùn àti omi gbígbóná, ó sì lè rìn jìnnà. Ẹlẹ́tù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá gé igi etí odò kan dànù, omi á móoru, ẹrẹ̀ á sì ya sínú rẹ̀ nígbà òjò. Ẹlẹ́tù á lọ, alálàárì á sì wá jókòó sí àyè rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á ní lámilámi ṣì pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ á bi ara rẹ̀ pé aṣọ wo ni wọ́n wọ̀. Bí ó bá sì dé ibi tí alálàárì pàápàá kò sí mọ́ létí omi, kí a wádìí ohun tí ènìyàn ń dà sínú rẹ̀.

Ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn onímọ̀ ń fún ẹ̀yà lámilámi kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 9. Èyí tí ó wà níbi gbogbo tí ó sì ń fara da ìyà gba 0. Èyí tí ó ṣọ̀wọ́n tí kò sì lè fara da ìbàjẹ́ gba 9. Wọn a ro máàkì gbogbo ẹ̀yà tí wọ́n rí létí odò kan pọ̀, wọn a sì fi iye ẹ̀yà náà pín in. Bí ẹ̀yà mẹ́rin bá ní máàkì 0, 1, 1, àti 2, àròpọ̀ wọn jẹ́ 4. Bí a bá fi 4 pín in, ó di 1. Bí máàkì odò kan bá ń lọ sílẹ̀ lọ́dọọdún, a jẹ́ pé odò náà ń ṣàìsàn.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Omi tí ó dára fún lámilámi lè má dára fún mímu. Ẹ rántí sòbìà. Kòkòrò omi kan tí ó kéré jọjọ ni ó ń gbé ọmọ sòbìà pamọ́ sínú ara rẹ̀, ẹni tí ó bá sì mu ún mọ́ omi adágún ni ó ń kó àrùn náà. Ọmọ lámilámi a máa jẹ irú kòkòrò bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ lámilámi kọ́ ni ó lé sòbìà lọ. Ní nǹkan bí 1988, a ka ohun tí ó lé ní 650,000 ènìyàn tí sòbìà ń dà láàmú ní Nàìjíríà. Omi tí a fi aṣọ sẹ́, kànga tí a gbẹ́, àti ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ará ìlú ni wọ́n mú un kúrò, títí tí a fi rí ẹni ìkẹyìn ní 2008, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí ní 2013 pé ó ti tán. Bákan náà ni ti ẹ̀fọn: ọmọ lámilámi ń jẹ ọmọ ẹ̀fọn nínú adágún, ṣùgbọ́n kò lè wọ inú ìkòkò àti agolo tí omi òjò dúró sí lẹ́yìnkùlé wa. Àwa fúnra wa ni yóò da èyí nù.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Àwọn àgbà ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. A lè sọ bákan náà pé odò tí a bá bọ́ aṣọ lára rẹ̀ kò ní í pẹ́ ṣàárẹ̀. Nítorí náà:

1. Ẹ má ṣe gé igi àti igbó etí odò tán. Bí oko bá dé etí omi, ẹ fi ẹsẹ̀ igbó kan sílẹ̀ láàrin oko àti omi.

2. Ẹ má ṣe fọ agbè oògùn apako nínú odò, ẹ má sì ṣe da omi gbágùúdá tí a fún síbẹ̀. Oró wà nínú rẹ̀.

3. Ẹ má ṣe fi oògùn olóró pa ẹja. Ohun tí ó pa ẹja pa ọmọ lámilámi pẹ̀lú, ó sì lè ṣe ẹni tí ó jẹ ẹja náà àti ẹni tí ó mu omi náà ní jàǹbá.

4. Ẹ má ṣe sun gbogbo koríko etí omi. Àkàsọ̀ tí ọmọ lámilámi ń gùn jáde nìyẹn.

5. Kí àwọn olùkọ́ kó àwọn ọmọ ilé ìwé lọ sí etí odò ní ọjọ́ tí oòrùn ràn, láàrin agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ sí agogo mẹ́ta ọ̀sán, kí wọ́n fi ìdajì wákàtí ka alálàárì àti ẹlẹ́tù, ní ibi tí ó ṣíji àti ní ibi gbangba. Kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì tún ṣe é ní oṣù kan náà lọ́dọọdún. Bí ó bá ṣòro láti mọ ẹ̀yà kan, Yunifásítì Ladoke Akintola, tí a dá sílẹ̀ l'Ógbòmọ̀ṣọ́ ní 1990, kò jìnnà sí wa. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá níbẹ̀.

Ìwé pélébé kan àti ojú tí ó ń ṣọ́ nǹkan tó fún iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìlú tí ó bá ṣe é yóò ní àkọsílẹ̀ ìlera odò rẹ̀, yóò sì lè fi í hàn nígbà tí ọ̀rọ̀ odò náà bá dé iwájú àwọn olóyè tàbí ìjọba ìbílẹ̀. Omi kò ní ọ̀tá. Kí àwa náà má ṣe sọ ara wa di ọ̀tá rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀJỌRÒ

1. Kí ni abo lámilámi ń ṣe nígbà tí ó ń fi ìrù kan ojú omi?

2. Báwo ni a ṣe lè dá ọmọ agboolé Trithemis mọ̀ bí ó bá bà?

3. Kí ló dé tí ẹ̀yà alálàárì kan fi lè gba gbogbo Áfíríkà, tí ẹlẹ́tù kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀?

4. Nínú àwọn odò tí ó wà ní àgbègbè yín, èwo ni igi ṣì ṣíji bò? Èwo ni a ti gé igi rẹ̀ tán, kí ni àwọn àgbà sì rántí nípa bí ó ti rí tẹ́lẹ̀?